Yàrá ìkàwé àdúgbò: báwo la ṣe ń yan ìwé tó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu?

Akọ̀wé Àdúgbò (Akúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Òkè-Àró ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ máa wá kàwé níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó bíi 40. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 3, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 17. Owó tó wà nílẹ̀ lè ra bíi ìwé 60, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní ká ra ìwé ní kíláàsì-kíláàsì, mẹ́rin fún kíláàsì yìí, mẹ́rin fún tọ̀hún. Ibi tó ta kókó ni pé àwọn ọmọ JSS 2 kan wà tí ìwé ọmọ kíláàsì 3 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń kọ́ lẹ́sẹ̀, ọmọ kíláàsì 4 kan sì wà tó ń ka ìwé ìròyìn geerege. Kí la fẹ́ fi mọ ìwé tó tọ́ sí ta ni? Ṣé Yorùbá ni ká rà ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Báwo la ṣe fẹ́ pín 60 náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ká ra ìwé tó dára. Ohun tí a máa fojú wò, tí a máa fọwọ́ kàn nígbà tí a bá dúró níwájú ìsọ̀ ìwé, ni a fẹ́ gbọ́.

Olùtọ́jú Ìwé

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ pa ọ̀rọ̀ kíláàsì tì. Ọjọ́ orí ọmọ ló ń sọ irú ìtàn tó fẹ́ gbọ́, kò lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ lè kà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan kí owó tó jáde lápò.

Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè kà rèé. Ẹ yá ìwé ìtàn mẹ́rin tí líle wọn kò dọ́gba. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ọ̀rọ̀ 100 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó parí sí, kí ẹ sì ní ẹ̀dà ojú ìwé yẹn lọ́wọ́ tiyín. Ẹ jókòó ti ọmọ náà ní igun kan, kì í ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń kà, ẹ máa fàlà sí ọ̀rọ̀ tó ṣì kà, èyí tó fò, àti èyí tó dúró lé lórí títí ẹ fi bá a pè é. Kí ẹ tó bá a pè é, ẹ ka 1 dé 5 nínú ọkàn yín. Bó bá ṣì í tó sì fúnra rẹ̀ padà tún un ṣe, kì í ṣe àṣìṣe, àmì rere ni. Orúkọ èèyàn tó ṣì pè nígbà mẹ́fà, ẹyọ kan ni ẹ máa kà á sí.

Àṣìṣe 5 sí ìsàlẹ̀: ọmọ yẹn lè mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sílé kó dá a kà. 6 sí 10: kó kà á nígbà tí àgbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ju 10 lọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kà á sí i létí. Ọ̀rọ̀ 10 nínú 100 lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ 100 náà bá gba ìlà 10, ó já sí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ń fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó ti gbàgbé ẹni tí ìtàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ pé ìwé ò dùn.

Ẹ fura sí nǹkan kan tó jẹ́ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọmọ Akúrẹ́ á rí “ilé” lójú ìwé, á pè é ní “ulé”. Á rí “igi”, á pè é ní “ugi”. Kò ṣì í kà rárá. Ojú rẹ̀ rí i, òye rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ wá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹ má fàlà sí i, ẹ má sì dá a dúró láti tún un ṣe lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ẹ bá kà á mọ́ àṣìṣe, ẹ máa gbé ọmọ tó mọ̀wé sísàlẹ̀ ibi tó yẹ kó wà.

Ẹ dán Yorùbá wò lọ́tọ̀, kí ẹ dán Gẹ̀ẹ́sì wò lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà ọmọ tó bá ti mọ lẹ́tà 25 àti àmì ohùn lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà mẹ́rin “ough” kan náà ni wọ́n ń pè lọ́nà ọ̀tọ̀ nínú “cough”, lọ́nà ọ̀tọ̀ nínú “through”. Ọmọ kan náà lè wà ní ìpele méjì nínú èdè méjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ra méjèèjì, kí Yorùbá sì pọ̀ jù nínú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa wò nínú ìwé fúnra rẹ̀.

Fún àwọn ọdún 3 sí 4, ìwé páálí líle tí igun rẹ̀ kò mú, ojú ìwé 8 sí 16, ohun kan ṣoṣo lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ohun tí ọmọ ń rí: ìkòkò, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àgbàdo. Ìwé ABD ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, torí àṣìṣe pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi ìka ka lẹ́tà: 25 ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí C, Q, V, X tàbí Z. GB gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn G, Ẹ lẹ́yìn E, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S. Ẹ tún ṣí ojú ìwé U wò. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi U bẹ̀rẹ̀, nítorí náà olùkọ̀wé tó mọṣẹ́ á fi U hàn nínú ọ̀rọ̀, bíi ìlù tàbí ewúrẹ́. Bí ẹ bá rí agboòrùn níbẹ̀, inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti da lẹ́tà àti àwòrán kọ, ẹ dá a padà. (Àwa tí a ń sọ “ulé” ní U tiwa, ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, inú wọn á dùn.)

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà, ọdún 5 sí 7, ẹ gbé rúlà lọ sí ìsọ̀. Kí lẹ́tà ńlá ga tó mílímítà 5. Ìlà 1 sí 3 lójú ìwé kan, kí gbólóhùn má sì fò láti ojú ìwé kan sí èkejì. Kí ọ̀rọ̀ tuntun padà wá ní ó kéré tán ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ìwé tó parí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n. Ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, ẹ má rà á fún ìpele yìí bó ti wù kó rẹwà tó. Àgbà tó bá rí “igba” láìsí àmì á fi ìtàn mọ̀ bóyá igba náírà ni, igbá omi ni, tàbí ìgbà òjò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà kò tíì ní agbára àfòyemọ̀ yẹn. Á kàn mú ọ̀kan, á sì máa lọ.

Ẹ kíyè sí àwòrán náà. Bí àwòrán bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ọmọ á máa ka àwòrán, ẹ ó sì rò pé ó ń ka ọ̀rọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán, kí ẹ ní kó tún ìlà náà kà. Bó bá dákẹ́, ẹ ti rí ìdáhùn.

Láti ọdún 7 sí 9, ìwé tó pín sí orí kéékèèké: ojú ìwé 48 sí 80, orí kan kò ju ojú ìwé 8 lọ, àwòrán dúdú àti funfun ní ojú ìwé mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìwé ọlọ́wọ̀ọ́wọ́, tí àwọn èèyàn kan náà ń padà wá nínú wọn, wúlò púpọ̀ níbí, torí láti ìwé kejì lọ ọmọ ti mọ orúkọ, ó ti mọ ilé wọn, ìtàn nìkan ló kù tó jẹ́ tuntun. Ìpele yìí ni àwọn òbí ń fò jù, tí ọmọ fi ń kúrò lórí ìwé aláwòrán bọ́ sórí ìwé olójú 200 tí lẹ́tà rẹ̀ dà bí èèrà.

Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ àgbà ọmọ sọ̀rọ̀.

Tíṣà Oǹdó

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, Olùtọ́jú Ìwé. Ṣùgbọ́n iye àṣìṣe nìkan kò tó. Ọmọ wà tó máa ka ọ̀rọ̀ 98 nínú 100 láìkọsẹ̀, tí kò ní lè sọ ohun kan tó kà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 100 yẹn, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ bi í ní mẹ́ta: Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ẹni yìí fi ṣe bẹ́ẹ̀? Kí lo rò pé ó kàn? Bó bá dáhùn àkọ́kọ́ tí kò lè dáhùn èkejì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele kan, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá kà.

Ìwé ìmọ̀ fún ọdún 9 sí 12 ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kò fẹ́ràn ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè jókòó ti ìwé tó sọ bí kòkó ṣe ń kúrò lóko di ṣokoléètì, tàbí bí àpáta ńlá bí irú ti Ìdànrè ṣe ń wáyé. Kí ìwé bẹ́ẹ̀ ní àkóónú níwájú, atọ́ka lẹ́yìn, àti ọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ti gbó tó láìwo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí ojú ìwé tí ayé àti òòrùn wà: bó bá ní pílánẹ́ẹ̀tì 9, ohun tí wọ́n mọ̀ kí ọdún 2006 tó dé ló wà níbẹ̀, torí ọdún yẹn ni wọ́n yọ Pluto kúrò. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà: bí Adó-Èkìtì bá ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìwé náà ti dàgbà ju 1 Oṣù Kẹwàá 1996 lọ. Ìpínlẹ̀ 36 ni ẹ gbọ́dọ̀ kà.

Àwọn ọ̀dọ́ wá kù, ibẹ̀ ló gbẹgẹ́. Ọmọ ọdún 14 tí ojú rẹ̀ ṣì wà ní ìpele ọmọ ọdún 8 kò níí fọwọ́ kan ìwé tí ehoro wọ ṣòkòtò lórí èèpo rẹ̀. Á kúkú sọ pé òun ò fẹ́ràn ìwé. Ohun tó nílò ni ọ̀rọ̀ àgbà nínú èdè tó rọrùn: bọ́ọ̀lù, ìfẹ́, iṣẹ́ ọwọ́, ìbẹ̀rù, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, nínú gbólóhùn kúkúrú, ojú ìwé 80 sí 120, àyè funfun tó pọ̀ létí ìwé. Ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ wúlò fún un. Eré onítàn náà dára, torí orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti wà níwájú ìlà, àwọn mẹ́rin sì lè pín in kà. Ẹ kọ ìpele sí inú èèpo lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀yin nìkan máa wò. Ẹ má lẹ àwọ̀ mọ́ ara ìwé àwọn ọ̀dọ́, wọ́n máa tètè mọ ohun tí àwọ̀ náà túmọ̀ sí.

Fún èyí tó ń kà dáadáa, ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ ka orí àkọ́kọ́, orí kan láàárín, àti orí tó kẹ́yìn. Ìwà ipá àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kì í sábà hàn lórí èèpo. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó parí pẹ̀lú ìwàásù ojú ìwé méjì. Àlọ́ wa ń kọ́ni lọ́gbọ́n láti ìgbà láéláé, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kó dùn, ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ òórùn ìwàásù láti ojú ìwé kìíní á jù ú sílẹ̀.

Ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tiwa níbí, yẹ kó wà lórí pẹpẹ yín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, òwe àti àfiwé so mọ́ra wọn bí okùn. Kíkà sí etí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 10, ìṣẹ́jú 15 ní ìjókòó kan, kí ẹni tó ń kà á ti kà á sílẹ̀ nílé. Dídá kà rẹ̀, ó di SS. Láti 1938 ni èyí àkọ́kọ́ ti jáde, nítorí náà ẹ wo ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Bí ẹ bá ń rí “aiye”, “enia”, “nwọn” àti “yio” níbi tí “ayé”, “ènìyàn”, “wọ́n” àti “yóò” ti yẹ, àkọtọ́ tí wọ́n ń lò kí ti 1974 tó dé nìyẹn. Kò sí ìṣòro fún àgbà tó ń kà á sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń múra ìdánwò Yorùbá á kó àkọtọ́ náà lọ sínú ìwé ìdánwò.

Ní ti pípín: ẹ má ra 60 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra 45, kí owó ìwé 15 wà nílẹ̀ fún oṣù méjì, títí ẹ fi máa rí èyí tí wọ́n ń jà lé lórí. Nínú 45 náà, 8 ìwé páálí, 16 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà, 9 ìwé olórí kéékèèké, 6 ìwé ìmọ̀, 6 fún ọ̀dọ́. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà pọ̀ torí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fi ń parí ọ̀kan, ìwé ọ̀dọ́ kan sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ti dán àwọn ọmọ wò tí ẹ rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọsẹ̀ pọ̀, ẹ yí iye náà padà.

Ontàwé Ọjà Ọba

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìsọ̀ kún un, torí ìwé tó tọ́ tí ó tú ní oṣù kan kì í ṣe ìwé.

Ayédèrú kì í fara sin bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò. Àwọn tó ń ṣe é máa ń ya fọ́tò ojú ìwé ni, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló sì máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi “ọṣẹ” tàbí “ẹ̀ṣẹ̀” nínú ìwé náà. Bí àmì kan bá wà tí èkejì ti di ẹ̀gbin dúdú, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré òfìfo níbi tí lẹ́tà alámì ti yẹ kó wà, àṣìṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn, ó lè wà nínú ojúlówó pàápàá, kò sì yẹ fún ọmọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tó lómi díẹ̀ ra orí lẹ́tà kan: tàdáwà tó bá tàn ká máa wà lára aṣọ àwọn ọmọ. Ẹ wo ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà lóde òní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978.

Ẹ ka ojú ìwé. Abala-abala ni wọ́n ń tẹ ìwé, ojú 8 tàbí 16 nínú abala kan, nítorí náà bí nǹkan bá sọnù, kì í ṣe ewé kan, á fò láti 32 sí 49. Ẹ yára ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó sanwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má tijú.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi píìnì irin méjì kàn láàárín ló ń tọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, kò níí jábọ́ bí wọ́n bá ṣí i pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ṣí i láàárín gbùngbùn kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: bí ó bá dún pà, tí ẹ rí ìlà funfun láàárín, ewé máa já kí òjò tó dá. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ bo èèpo. Kí pẹpẹ jìnnà sí ògiri ní ìbú ọwọ́ kan, kí ìpele ìsàlẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, torí ọ̀rinrin ògiri nígbà òjò ń hu èbu, ikán sì ń gba ilẹ̀ wá. Ti àwọn kékeré, ẹ jẹ́ kí èèpo kọjú síta. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò lè fi ẹ̀yìn ìwé yan ìwé.

Bí owó bá kéré, African Storybook wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbà kí èèyàn gba ìtàn wọn kó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ti Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí, láti ọ̀rọ̀ ẹyọ kan dé èyí tí àgbà máa kà sókè. Tákàdá A4 mẹ́rin tí ẹ ká sí méjì máa fún yín ní ojú ìwé 16, ẹ fi píìnì irin méjì kàn án láàárín, ó tán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ àmì ohùn kọ́kọ́ kà á o, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àmì wọn pé.

Akọ̀wé Àdúgbò (Akúrẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti dán ọmọ 9 wò láàárọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ ọdún 11 kan gba 97 ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gba 70 péré ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ló ń sọ nílé. Ṣé ìwé àwọn ọmọ ọdún 5 la máa fún un ni?

Tíṣà Oǹdó

Rárá o. Ọmọ yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ẹ wo ìwé tí ẹ fàlà sí, kí ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tó ṣì. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àmì ohùn, ẹ àti ọ, gb, “an” àti “ọn” ló kó gbogbo rẹ̀, àti p tó ń pè bíi ti “pen” dípò bíi ti “pẹ́pẹ́yẹ”.

Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀” sórí páálí mẹ́rin, kí ó fi dò-re-mí kọ wọ́n lórin kó tó pè wọ́n: re-re, re-mí, re-dò, dò-dò. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì. Lẹ́yìn náà, àlọ́ àpagbè tó ti mọ orin rẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n kọ pẹ̀lú àmì pípé: ẹ ka ìlà kan, kó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí pé etí rẹ̀ ti mọ orin náà, yóò fúnra rẹ̀ gbọ́ ibi tí ohùn ti ṣì. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ 100 láti inú ìtàn mìíràn tí kò rí rí. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá ti wá sí 10 tàbí kó dín, kó mú ìwé olórí kéékèèké, kí àgbà jókòó tì í fún orí méjì àkọ́kọ́.